Fìlà Tí Kì Í Kúrò Lára Irin

Ọkùnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ lọ èkùrọ́ láti fi ṣe àdín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa wọ inú àgbá ẹ̀rọ náà, kí ó fi ṣọ́bìrì ha èérí tó bá dì mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ tèmi ni ọwọ́ irin tí ó wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí mo bá gbé e sókè, ẹ̀rọ á yí. Bí mo bá fà á wálẹ̀, á dúró. Láti ibi tí mo máa ń dúró sí, n kò lè rí inú àgbá.

Púpọ̀ nínú wa kò mọ̀wé nígbà náà, èmi gan-an sì wà lára wọn. A ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ṣí fìlà orí rẹ̀, yóò fi kọ́ ọwọ́ irin. Bí fìlà bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe ọ̀gá. Ẹni tó kọ́ ọ ló ń yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìrìn láti ẹnu àgbá dé ògiri sú ọkùnrin yìí. Ó ra fìlà tuntun, ó ń dé e. Ti àtijọ́, ó ń fi í kọ́ irin láàárọ̀, ó ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ní báyìí kò séwu fún òun mọ́.

Lọ́jọ́ kìíní, mo wá a títí. Abẹ́ igi màngóòrò ni mo bá a, ó ń jẹ ẹ̀wà.

“Ẹ̀gbọ́n, fìlà yín wà lórí irin.”

“Yọ ọ́, jàre! Ta ló wà nínú ẹ̀?”

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu géètì ló wà, ó ń tàkúrọ̀sọ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Fìlà yìí lòṣìṣẹ́, ẹni tó ni ín ló ń gbafẹ́!” Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, n kò wá a mọ́. Bí ọ̀gá bá ti ní kí ẹ̀rọ yí, mo ń yọ fìlà, mo ń gbé irin sókè.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó wà nínú àgbá lóòótọ́. Ọ̀gá kígbe pé kí ẹ̀rọ yí. Mo yọ fìlà, mo gbé irin sókè. Igbe tí mo gbọ́ kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Mo fà á wálẹ̀ kíá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kán.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, ó nawọ́ sí mi. “Fìlà mi wà níbẹ̀! O rí i, o sì yọ ọ́!”

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “ọjọ́ wo ni kì í sí níbẹ̀?”

Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ó yẹ kí n lọ wo inú àgbá, n kò sì lọ. Títí tó fi kú lọ́jọ́ ogbó ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n n kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, n kò sì ní bẹ̀.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, o ti fi ìyá rẹ búra fún aya rẹ pé òjò ló dá ọ dúró. O fi búra pé o kò mọ ẹni tó jẹ ẹja inú ọbẹ̀. O fi búra pé ọ̀la lo máa tún òrùlé ṣe. Lánàá, o ní àyà ń dùn ọ́, kí aya rẹ bá ọ dé ọsibítù. O tún fi ìyá rẹ búra. Aya rẹ ń ro ọkà rẹ̀ lọ. Ìbínú ìyẹn lo gbé wá bá mi. Èmi ti di ọwọ́ irin mú rí, n kò lè bá a wí.

Dìde, èmi yóò bá ọ dé ọsibítù. Bí a bá ti ibẹ̀ dé, lọ yọ fìlà rẹ kúrò lára irin. Jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo, kó pẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá tún fi kọ́ ọ, rí i pé inú ẹ̀rọ lo wà.