Mojírádé àti Ọ̀rọ̀ Tó Tú Sínú Agbo Ọlọ́mọyọyọ

Ìnira ọkàn ló gbé Mojírádé wá sọ́dọ̀ èmi ìyá olórìṣà Ọ̀ṣun. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí oúnjẹ kò ti wọ̀ ọ́ lọ́fun dáadáa. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, àyà rẹ̀ á já. Ìlú Ìrágbìjí ni a jọ ń gbé. Olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, ìyá ọmọ méjì, ẹni jẹ́jẹ́ tí n kò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Yẹmisí, ló dá agbo kan sílẹ̀ lórí Wáàsáàpù fún àwọn ìyá tó ní ọmọ wẹ́wẹ́. Agbo Ọlọ́mọyọyọ ni wọ́n pè é, àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ sì lé ní irínwó. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè oúnjẹ ọmọ, ìgbà tí eyín máa ń yọ, bí a ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ìyá tó dá wà nílé pẹ̀lú ọmọ tuntun a máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun rere ni.

Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kí n tó sọ ọ́ síta.

Ní ọjọ́ kan, ẹnìkan fi ohùn ránṣẹ́ sí Yẹmisí. Ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní dókítà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ilé ìwòsàn kankan. Ó ní bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, kí ìyá má ṣe fún un ní omi, kí ó sì dá ọmú dúró fún ọjọ́ méjì, pé omi ló ń di ìgbẹ́ nínú ọmọ. Yẹmisí fi ṣọwọ́ sí Mojírádé, Mojírádé sì gbé e sínú agbo. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ìyá, èyí dájú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀." Kò dán an wò rí, kò sì bi nọ́ọ̀sì kankan. Ó kàn fẹ́ ṣèrànwọ́ ni, bí àwọn ìyá sì ṣe ń dúpẹ́ dùn mọ́ ọn nínú.

Adúnọlá aránṣọ wà nínú agbo náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ oṣù mọ́kànlá, ń ṣu gbuuru ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Adúnọlá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nítorí pé olùkọ́ ló sọ ọ́. Kò fún ọmọ lómi, kò sì fún un lọ́mú. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ojú ọmọ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń sunkún, omijé kò jáde. Àwọn aládùúgbò ló sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fa omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ sọ fún Adúnọlá pé omi gan-an ni ọmọ tó ń ṣu nílò jù, omi iyọ̀ àti ṣúgà, àti ọmú léraléra. Ó ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ.

Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ìtìjú àti ẹ̀rù kò jẹ́ kí Mojírádé gbádùn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni òun àti Yẹmisí wọlé tọ̀ mí wá. Mo ń já ewé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Mo fọ ọwọ́, mo tẹ́ àtẹ mi, mo sì da ẹẹ́rìndínlógún. Owó ẹyọ márùn-ún ló ṣí ojú sókè. Odù Ọ̀ṣẹ́ ni.

"Mojírádé," mo ní, "Ọ̀ṣẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kan ti ọwọ́ rẹ jáde. Ó ń rìn kiri, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí."

Ó bú sẹ́kún. "Ìyá, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni."

"Ṣé o bèèrè?"

"Mi ò bèèrè, Ìyá."

"Wọ́n ní kí o rúbọ."

"Ṣé ewúrẹ́ ni? Màá wá a."

"Ọ̀ṣun kò bèèrè ewúrẹ́. Obì àti ẹyẹlé funfun kan ni kí o gbé wá síbí, èyí tó kù kò sí lọ́jà. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá ìyá ọmọ náà, kí o sọ fún un pé ìwọ ni. Padà sínú agbo, fi ohùn ara rẹ àti orúkọ rẹ sọ pé ohun tí o sọ kò rí bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ èyí tó tọ́. Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ àìsàn kankan kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ rẹ dé ọ̀dọ̀ ìyá kan, àfi tí o bá ti kọ́kọ́ bi ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ àti àwòrán rẹ̀, má gbé e síta láìgba àṣẹ ìyá rẹ̀."

Mo yíjú sí Yẹmisí. "Ìwọ náà wà nínú rẹ̀. Ẹbọ kan náà ni."

Yẹmisí rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí a ti pa rẹ́ nínú fóònù ti tán nìyẹn. Bí àwa tí a dá agbo sílẹ̀ bá tún ń tọrọ àforíjì, ta ni yóò bọ̀wọ̀ fún wa mọ́?" Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jáde lọ.

Mojírádé gbé obì àti ẹyẹlé wá ní ọjọ́ kejì. Láti ọ̀dọ̀ mi, ó gba ṣọ́ọ̀bù Adúnọlá lọ. Adúnọlá kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Adúnọlá, èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wá tọrọ àforíjì."

"Ṣé o mọ bí ọmọ mi ṣe rọ lọ́wọ́ mi?"

"Mi ò lè mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fà á."

Ẹ̀rọ ń dún lọ. Nígbà tó pẹ́, Adúnọlá gbé Moyọ̀sọ́rẹ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó nà án sí i. "Gbà á mọ́ra, kí n lè ran apá aṣọ yìí tán. Kì í jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Mojírádé sọ̀rọ̀ sínú agbo. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sì sọ èyí tó tọ́. Ogún ìyá fi agbo sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn mìíràn sì sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá kan kọ̀wé láti Òkìnní pé láti àárọ̀ ni òun kò ti fún ọmọ òun tó ń ṣu lómi, pé òun ti ń fún un báyìí, òun sì ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Mojírádé ka ìwé náà títí, ó kúnlẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀.

Ó lọ bẹ nọ́ọ̀sì àgbà náà kí ó wá darapọ̀ mọ́ wọn. Láti ìgbà náà, bí ìyá kan bá bèèrè ohun tí wọn kò mọ̀, èsì wọn kò ju pé, "Ẹ jẹ́ ká bi nọ́ọ̀sì, tó bá le, ẹ má dúró dè wá, ẹ gbé ọmọ lọ."

Yẹmisí ní tirẹ̀ bínú, ó dá agbo tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó lọ kí Moyọ̀sọ́rẹ ní ilé ìwòsàn, ó ti ya àwòrán ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú okùn omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e síta nínú agbo tuntun yìí pé kí àwọn ènìyàn bá ọmọ náà gbàdúrà. Kò sọ fún Adúnọlá. Àwọn ènìyàn rọ́ wá, inú rẹ̀ sì dùn.

Kò pẹ́ tí àwọn tí kò mọ̀ rí fi mú àwòrán náà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló pa ọmọ yìí, wọ́n sì ń tari rẹ̀ kiri. Ó dé Ìbàdàn, ó dé inú fóònù ẹni tó ń gbé ìtòsí ìyá Adúnọlá. Ìyá àgbà náà wọ aṣọ dúdú, ó wọ mọ́tò, ó sì sunkún dé Ìrágbìjí. Nígbà tó yọ sí ṣọ́ọ̀bù, Moyọ̀sọ́rẹ jókòó sórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹ mọ́ínmọ́ín.

"Ìyá mi, ta ló kú?" Adúnọlá kígbe.

Ìyá àgbà ṣubú lu ọmọ náà, ó ń fọwọ́ pa á lórí, pa á lẹ́sẹ̀, títí mọ́ínmọ́ín fi kun gbogbo aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rò pé eré ni, ó sì fi mọ́ínmọ́ín sí i lẹ́nu.

Yẹmisí pa àwòrán náà rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ òun nìkan mọ́. Àwọn ìyá mìíràn ti ń fi ọmọ pamọ́ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì àti Mojírádé ní láti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, Adúnọlá sì pọn Moyọ̀sọ́rẹ tẹ̀lé wọn, kí àwọn ìyá náà lè fojú ara wọn rí ọmọ tí wọ́n ní ó kú. Agbo Yẹmisí tú ká.

Ó padà wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyá, ṣé ẹbọ yẹn ṣì wà?"

"Ó wà," mo ní. "Ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ ju ti ìjọ́sí lọ."

Bí Ọ̀ṣẹ́ ṣe wí ló rí fún wọn. Mojírádé gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àwọn ìyá sì ń pọ̀ sí i nínú agbo rẹ̀. Yẹmisí fi ẹbọ rẹ́rìn-ín. Títí di òní, ó ń bẹ àwọn tí kò mọ̀ rí kí wọ́n bá òun pa àwòrán kan rẹ́.