Ẹni Tí Ó Ń Ṣọ́ Igi

Ọkùnrin kan wà tí ó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ti gba òmìnira, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà kò gba ẹlòmíràn. Ó ní ẹni tí kò bá lè gbé irin, ẹnu tí yóò kàn máa jẹun lásán ni.

Ní ọjọ́ kan, awakọ̀ àgbàlagbà kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Irin gbọọrọ tí gbogbo ọkọ̀ náà jókòó lé ti sán lábẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Iná wẹ́dà kò lè dé ibẹ̀ àfi bí a bá gbé orí ọkọ̀ náà, tìjókòó tìjókòó, tilẹ̀kùn tilẹ̀kùn, kúrò lórí irin. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni. Ẹ̀ka igi máńgòrò tí mẹkáníìkì náà máa ń so ṣéènì ìgbẹ́rù kọ́ sì ti ṣẹ́ nígbà òjò.

"Jáàkì ni n ó fi gbé e," ni ó wí.

Awakọ̀ náà ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àìsàn ti sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ohun tí ń gbọ̀n. Mẹkáníìkì wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi. Bí ẹ bá di sípánà mú, ẹ̀yin àti sípánà lẹ ó jọ máa jó."

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n o. Ojú mi ò gbọ̀n."

"Ojú kì í gbé irin, Bàbá."

Àgbàlagbà náà lọ jókòó.

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀. Ó tú bóòtù, ó tú páìpù omi, ó yọ irin sítíárìn. Ó fi jáàkì gbé igun kan díẹ̀, ó ki igi bọ abẹ́ rẹ̀, ó wọ́ jáàkì lọ sí igun mìíràn. Igi lórí igi, láti igun dé igun. Oòrùn kúrò níwájú rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn, á jókòó lé táyà, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Èmi nìkan ni. Èmi nìkan ni mo máa ń dá a ṣe." Kò mọ̀ pé ìgbéraga wà nínú ìkérora náà.

Nígbẹ̀yìn, orí ọkọ̀ gbéra kúrò lórí irin. Ó fẹ́ gbé e sí i, kò gbé. Wáyà kan tí ó ti gbàgbé ṣì dì í mú láàárín. Ó ti orí ara rẹ̀ àti apá bọ àlàfo tó wà láàárín orí ọkọ̀ àti irin, ó ń wá ìdí wáyà. Láti ibẹ̀ kò lè rí igi tí ó tò. Ẹni tí ó wà lábẹ́ ẹrù kì í rí ohun tí ó gbé ẹrù náà dúró.

Awakọ̀ rí i. Òjò ti rẹ ilẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń gbé igi igun òsì mì díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀gá, jáde!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n ráyè!"

"Mo ní kí o jáde, ọmọ yìí! Igi ń rì!"

Ohùn bàbá ni, kì í ṣe ohùn oníbàárà. Mẹkáníìkì fa orí rẹ̀ yọ. Orí ọkọ̀ já lu irin gan-an níbi tí ọrùn rẹ̀ ti wà, àwọn ewúrẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà sì túká.

Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ti ń gbọ̀n.

"Ó dára," ni awakọ̀ wí, "àwa méjèèjì la jọ ń jó báyìí. Ó ku sípánà."

Mẹkáníìkì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé táyà tí ó máa ń jókòó lé wá sí ẹ̀gbẹ́ igi náà. "Ẹ jókòó síbí, sà. Ẹ bá mi máa wò ó."

Ó tẹ́ pákó gbòòrò sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún ti orí bọ àlàfo, ohùn kan ń bá a sọ̀rọ̀ níta: "Ó dúró. Ó ṣì dúró. Máa ṣe é lọ." Ó tú wáyà náà. Orí ọkọ̀ dá dúró lórí igi, kò sí ohun tí ó so ó mọ́ irin mọ́.

Ìwọ tí mo torí rẹ ṣe àkàwé yìí, o sọ fún mi pé ìyá rẹ ti wà lórí ibùsùn láti ọdún tó kọjá, pé ìwọ nìkan ni o ń gbé e, tí o ń wẹ̀ ẹ́, tí o sì ń jí sí i lóru. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ọ́, àárẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára wá bá ọ, o dá a padà. O ní kí ni ẹni tí ń tiro yóò gbé? N kò bi ọ́ léèrè ohun tí ó lè gbé. Mo bi ọ́ léèrè ẹni tí ń wo igi nígbà tí orí rẹ wà lábẹ́. Gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá yín lónìí, kí o sì lọ pe àbúrò rẹ.