Iṣu Kì Í Mumi

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ebè, ó di ọ̀rọ̀ Àparò àti Ìjàpá.

Ní ìgbà kan rí, Ìjàpá pe gbogbo ẹranko jọ sí pápá. Ó ní àwọn ará òkè odò fẹ́ la ojú irin wọ ìlú. Wọ́n á kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá, ọkọ̀ ojú irin á sì máa kó irè oko wọn lọ sọ́jà.

"Ẹrù ti kúrò lórí yín!" ni Ìjàpá wí. Ewúrẹ́ fò sókè. Ẹfọ̀n, tí ọrùn ti ń dùn tipẹ́, pàtẹ́wọ́.

Àparò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹyin mẹ́fà tó ń sàba lé wà ní ibi tí irin máa gbà gan-an. Ó gun orí ebè kí wọ́n lè rí i.

"Ìjàpá, ará òkè odò wo? Kí ni orúkọ wọn? Kí ló dé tí wọn ò wá fúnra wọn?"

"Ẹni ńlá ni wọ́n. Àbí ẹyin mẹ́fà ni yóò dí ìlú lọ́wọ́?"

Ẹfọ̀n jágbe mọ́ ọn: "Àparò, sọ̀kalẹ̀ jàre! Ìlara ń dà ọ́ láàmú."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó dùn ún dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ìjàpá yìí, ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ló ru ẹrù ẹlòmíràn rí? Ìbídùn, ìwọ tí ò ń gbọ́ àlọ́ mi, má sùn o!

Òṣìṣẹ́ dé, ilé dìde. Irin tẹ̀ síwájú títí ó fi ku ìgbésẹ̀ kan kó dé ìtẹ́ Àparò. Lọ́jọ́ kan Àparò yọjú wo inú ilé náà. Kí ló rí? Ọpọ́n gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi kún inú rẹ̀.

Ọjọ́ ìkẹ́rù pé. Ìjàpá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí kálukú gbé iṣu rẹ̀ wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má jáde títí ọkọ̀ á fi dé, kí olè má baà jà!"

Ẹfọ̀n ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé nígbà tí Àparò kígbe látorí ebè. "Ìjàpá! Omi inú ọpọ́n yẹn, ta ni yóò mu ún?"

"Iṣu ni," ó bọ́ lẹ́nu Ìjàpá.

"Iṣu kì í mumi!"

Ẹfọ̀n fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ewúrẹ́ wo omi, ó wo iṣu orí rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Hà! Ẹ ò fọkàn tán mi?" ni Ìjàpá wí. "Kò séwu níbẹ̀. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń wọlé!"

Bó ṣe wọlé ni Ẹfọ̀n fi ìwo ti ilẹ̀kùn pa, ó fi igi dábùú rẹ̀.

Fééé! Ọkọ̀ ojú irin dé. Gbogbo ẹranko sá wọgbó. Ta ló sọ̀kalẹ̀? Ẹkùn àtàwọn ọmọ rẹ̀ ni, pẹ̀lú okùn lọ́wọ́! Ìjàpá bú sórin nínú ilé:

"Àparò, jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn."
Igbó dáhùn: "Iṣu kì í mumi!"
"Ẹfọ̀n, jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn."
"Iṣu kì í mumi!"

Ẹkùn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ti tì láti ìta. "Ìjàpá, ẹran tí o ní o máa kó jọ fún wa dà?" Kò sí ẹran kankan. "Ó dáa. A ò ní padà lọ́wọ́ òfo." Wọ́n di Ìjàpá lókùn, wọ́n jù ú sọ́kọ̀, wọ́n lọ.

Ẹfọ̀n tẹ orí ba, ó bẹ Àparò. Ó sì fi ọrùn tó ń dùn ún náà fa irin tu, títí kò fi ku ọ̀kan.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ ẹrù wa kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá àwa gan-an ni ẹrù. Bí ẹ bá ní mo purọ́, ẹ lọ bi àwọn ọmọ Àparò. Mẹ́fà ni wọ́n.