Ọkùnrin Tí Wọ́n Fi Ìwúkàrà Rẹ̀ Po Ẹ̀kọ

Ìyá Tinúadé, ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àdìgún, tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé lókèèrè. Ẹbí rẹ̀ ní kí ó kó ẹrù wá sí agboolé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lè máa fún un lóúnjẹ. Wọ́n ní ọkùnrin tí kò mọ̀ ju kí wọ́n gbé abọ́ wá fún òun lọ kò lè dá gbé. Ọkùnrin náà kọ̀. Ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ kọ́ ni, inú rẹ̀ ni ó sì fẹ́ kú sí. Ó ní òun á bọ́ ara òun. Wọ́n ní kò burú, àwọn ń bọ̀ wá wò ó lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Bí àwọn bá bá a nínú ebi, dandan ni kó tẹ̀ lé àwọn.

Búrẹ́dì ni ó fẹ́ràn jù, nítorí náà òun ni ó kọ́kọ́ kọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń júwe fún un lórí fóònù. Kò ra yíìsì. Ó po ìyẹ̀fun mọ́ omi nínú ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, ó fi aṣọ bò ó. Láràárọ̀ á bu díẹ̀ dànù, á fi ìyẹ̀fun àti omi tuntun bọ́ èyí tó kù. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ń hó, ó ń kan, ó ń wú. Ó ti di ìwúkàrà. Inú bàbá yìí dùn débi pé ó ń kí i káàárọ̀.

Búrẹ́dì rẹ̀ àkọ́kọ́ le bí òkúta. Ó kánjú ni, kò jẹ́ kó wú tó kó tó gbé e kaná nínú ìkòkò irin. Aládùúgbò kan ní kó tọ́jú rẹ̀ de olè, kó lè fi sọ ọ́. Ó rún un sínú ọbẹ̀ tó rà, ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú. Ògì ni obìnrin yìí ti ń sẹ́ láti kékeré. Àbúrò rẹ̀ wà nílé ìwẹ̀. Obìnrin náà rí ohun funfun kan tó kan, tí omi dúró lórí rẹ̀ nínú ìgò. Kí ni ì bá tún jẹ́? Ó da omi òkè rẹ̀ nù, ó gbọ́n ìyókù sínú abọ́, ó da omi híhó lé e, ó ń rò ó. Ó fà bí àtè.

"Àdìgún, ògì rẹ ti bàjẹ́! Ṣé o wá rí i? Lọ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

Ọkùnrin náà jáde wá bá ìwúkàrà rẹ̀ nínú abọ́, ó dùn ún. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé ìgò náà, ó wò ó. Díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Mi ò lọ síbì kankan."

Ìṣojú obìnrin náà ni ó ti bu ìyẹ̀fun àti omi lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó tún wú.

Nígbà tí àwọn ẹbí dé lẹ́yìn ọdún, òórùn búrẹ́dì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti jẹ́ kó wú dáadáa, ó sì ti kó ẹyin iná lé ìdérí ìkòkò. Wọ́n jẹ, wọ́n tún bù sí i. Àgbà wọn wá ní, "O ò ṣáà mọ ọbẹ̀ sè."

"Òun ni mo máa kọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ tètè máa lọ kílẹ̀ tó ṣú."

Ìyá Tinúadé, ẹ ní ẹ ò wá sí kíláàsì àwọn àgbà tí mò ń kọ́ mọ́, torí pé ẹ ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ń kọsẹ̀, ọkọ yín sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ délé. Mo wà níbẹ̀. Ẹ kà á bí ẹni ń wọ́ igi gun òkè, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kà á! Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ gba ìwé yín. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ tún dìde níwájú gbogbo wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rín in. Ẹ má ṣe jókòó títí ẹ ó fi kà á dé "Àmín".