Oṣù Tó Dùbúlẹ̀

Ìyá Ìdòwú rí òdo pupa lórí àwòrán oṣù tuntun tó yà. Ọkọ rẹ̀ ti ní bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, kó fi ilé ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀.

"Tíṣà, níbo ni mo ti ṣì í?"

"Oṣù yín dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ti inú ìwé nàró. Tiyín ò gún."

Kò lè jókòó mọ́. Ó ń rẹ ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn lẹ́kún, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò sunkún. Bí oòrùn ṣe wọ̀, ó sáré bọ́ síta, ó pariwo:

"Tíṣà! Oṣù lé, ẹ ní kò gún. Bí ọwọ́ yín bá tó o, ẹ wá tún un ṣe!"

Gbogbo kíláàsì rọ́ jáde. Oṣù dùbúlẹ̀ gbalaja lókè ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Tíṣà wò ó títí.

"Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn ló máa ń mọ́lẹ̀. Oòrùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdí rẹ̀ ló mọ́lẹ̀ yẹn. Ẹni tó ya ti inú ìwé ò gbé ọ̀dọ̀ wa; lọ́dọ̀ tiwọn, ṣe ni oṣù máa ń nàró."

"Tíṣà, ṣé mo yege àbí n ò yege?"

"Ẹ yege, mà. Ẹ gba ṣọ́ọ̀kì, ẹ wá yà á fún gbogbo wa."