Wáyà Tó Wọlé Tí Kò Gbọ́ Èdè Ilé

“Ọkọ̀ òfúrufú kan kú lójú ọ̀run lọ́dún kan, lókè Ìrágbìjí níbí gan-an. Èmi Múfútáù dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo súfèé sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jí. Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi!’”

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Múfútáù mẹkáníìkì ló sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ tó sì sọ ọ́ náà ni òwe kan gbérí nínú ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa. Òwe ọ̀hún ni pé: Wíwọlé àlejò kọ́ ni gbígbọ́ èdè ilé. Gbogbo yín lẹ ń pa á. Ìyá ọkọ ń pa á fún ìyàwó, ọ̀gá ń pa á fún ọmọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ àna ló bí i. Irọ́ gbuu! Wáyà ló bí i. Ẹnu ọ̀nà ọgbà yẹn ni mo ti ń lẹ táyà, ojú mi yìí ló ṣe, etí mi yìí ló sì gbọ́ ọ.

Lákòókò náà, epo bẹntiróòlù wọ́n ju omijé ẹja lọ. Ìlà ilé epo gùn débi pé ẹni tó wà níwájú ń fọ ẹnu ní Ìrágbìjí, ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Ìlọrin. Mọ́tò dákẹ́, alùpùpù dákẹ́, adìyẹ ń yé ẹyin sórí àga awakọ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń rìn nílùú, ọkọ̀ Àǹtí Adérójú, tísà ilé-ìwé girama. Àbúrò rẹ̀ Adégbìtẹ́, tó wà lókè òkun, ló fi í ránṣẹ́ sílé. Kì í mu epo rárá. Iná ló ń mu, láti ara sólà tó wà lórí òrùlé ilé wọn. Kì í sì í dún. Ajá tó bá rí i á kọ́kọ́ gbó, tó bá wá rí i pé nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń kọjá láìfọhùn, á ká ìrù mọ́ abẹ́, á sì máa tọrọ àforíjì.

Ìyá wọn, Ìyá Àwẹ̀ró, ni ọkọ̀ náà wúlò fún jù. Awọ funfun ti bo ojú màmá náà méjèèjì, òjìji lásán ló kù tó ń rí. Nítorí èyí, àkísà òfì ló fi ń ríran. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti ilé wọn ni í so àkísà mọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n: kọ́kọ́rọ́, ìgò òróró, ṣíbí ọbẹ̀, títí dé ọrùn ewúrẹ́. Kókó tí ó bá sì ta, ọ̀bẹ nìkan ló lè tú u. Nígbà tí ọkọ̀ oníná dé, ó fi ọwọ́ pa á láti imú dé ìdí, ó sì so àkísà mọ́ gbogbo ohun tó ṣe é so nínú rẹ̀. Ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Dókítà ojú kan máa ń ti òkè òkun wá sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti bá àwọn èèyàn bó awọ yẹn kúrò lójú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi màmá sí. Bí Sátidé bá mọ́, dókítà ti bá tirẹ̀ lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí màmá náà ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Adérójú bí ọmọbìnrin kan, màmá ló ń wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti délé ayé, òun ló ń gbé e pọ̀n, ṣùgbọ́n kò mọ bí ojú ọmọ náà ṣe rí. “Mo ti wẹ imú yẹn títí,” ló máa ń wí, “ẹ jẹ́ kí n rí ẹni tó ni ín.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọkọ̀ kú pátápátá níwájú ọgbà wa.

A tì í wọlé. Múfútáù ló kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé e, níbẹ̀ ló sì ti sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú. Ó tú abẹ́ àga, ó tú ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tú ibi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fúnra wọn kò mọ̀ pé ó wà. Lẹ́yìn náà ló gbé síkánà rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni síkánà. A máa ń ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ihò kan lábẹ́ ọwọ́ ìdarí, ọkọ̀ á sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ihò ọkọ̀ yìí rí roboto, ẹnu wáyà Múfútáù sì gùn bẹẹrẹ. Ó kì í títí, òógùn bò ó.

Àǹtí Adérójú bá pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Gbogbo wa ló gbọ́ ohùn ọkùnrin náà.

“Wáyà rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Inú àpò dúdú kan lábẹ́ àga ni mo fi sí. Orí kan bá ọkọ̀ mu, orí kejì bá síkánà mu. Ògbufọ̀ ni. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè bá ọkọ̀ yẹn sọ̀rọ̀.”

Adérójú fọwọ́ bọ abẹ́ àga, ó fa àpò dúdú yọ. Òfìfo.

“Àwọn olè èbúté!” Múfútáù pariwo. “Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n lè jí funfun ojú kí wọ́n fi dúdú sílẹ̀.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá wáyà kiri nìyẹn. Háà, wàhálà! Ọjọ́rú yẹn, láti ọjọ́ tí mo ti délé ayé, mi ò tíì rí irú rẹ̀. A tú ìsọ̀ àwọn oní-fóònù, a tú ilé àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Àwọn èèyàn ń gbé wáyà bọ̀ láti ibi gbogbo: wáyà ẹ̀rọ ata, wáyà gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, wáyà tí ọkùnrin kan fi ń so àgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àgbò náà tẹ̀ lé e wá. Wáyà tí a kó jọ, bí a bá so wọ́n pọ̀, ará òṣùpá á rí i sá aṣọ. Èyí tó kúrú, kò dé ibẹ̀. Èyí tó gùn, ẹnu rẹ̀ kò wọ̀. Múfútáù ló ń pàṣẹ fún gbogbo wa: “Ẹ lọ Ìkìrun! Ẹ lọ Àdá! Ẹ lọ wò ó lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ!” Òun fúnra rẹ̀ kò kúrò lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ló jókòó sí bí adìyẹ tó ń sàba.

Àǹtí Adérójú fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkìrun, ó fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ohùn rẹ̀ ti há.

“Ẹni tó bá tún mú wáyà áyọ́ọ̀nù wá bá mi níbí, èmi àti onítọ̀hún ni!”

“Àǹtí, ẹ ní sùúrù,” ni Àkànó wí. Àkànó ni rìwáyà ọgbà wa, òun ló ń so iná inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀.

“Sùúrù wo? Ọ̀la ni, Àkànó! Ọ̀la ni wọ́n fi ìyá mi sí!” Ó jókòó sórí táyà mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, ó sì ń fi etí ìborí nu ojú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Àwẹ̀ró ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn, wọ́n ti fà á lọ́wọ́ wá, ó jókòó sínú ọkọ̀ tó kú náà, ó fi báàgì lé itan. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lọ ni í jókòó sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ la wà tí Múfútáù dé tòun ti wáyà tuntun kan. Wáyà náà sanra láàárín bí òjòlá tó gbé ewúrẹ́ mì. Téèpù dúdú tó wé mọ́ ọn, ó tó wé òkú ọba.

“Ẹ yàgò! Múfútáù kò sùn mọ́jú! Wáyà agbédè-gbogbo-ọkọ̀ nìyí. Ọkọ̀ tó bá rí i tí kò sọ̀rọ̀, odi ni wọ́n bí i.”

Ó kì í bọ ihò. Ó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹní ki àkàrà bọ ẹnu. Ariwo sọ. Àwọn kan gbé Múfútáù sókè, àgbò ọjọ́sí ké. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú síkánà, à ń wò ó. Kò sí nǹkan kan. A tún wò ó. Dúdú ló dúdú. Ọkọ̀ náà dákẹ́ bí àna tí wọn kò fún ní ẹran.

“Múfú, kò sọ̀rọ̀ o,” ni mo wí.

“Ó wọlé àbí kò wọlé?” Múfútáù jágbe mọ́ mi. “Ìwọ onítáyà, kí lo mọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ? Ẹ sáà jẹ́rìí mi pé ó wọlé! Iṣẹ́ tèmi ti parí, ọkọ̀ ló kù tó lágídí.”

Ìyá Àwẹ̀ró gbójú sókè láti inú ọkọ̀.

“Múfútáù, wíwọlé àlejò kọ́ ni gbígbọ́ èdè ilé. Àlejò lè wọlé mi, kó jókòó, kó jẹyán mi tán, kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Yọ ọ́, kí o gbé e wá kí n fọwọ́ kàn án.”

“Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Iná wà lára rẹ̀!”

“Iná wo? Lára ọkọ̀ tó ti kú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?”

A rẹ́rìn-ín. Adérójú yọ wáyà, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá fi ìka pa orí rẹ̀ roboto, ó pa ọrùn rẹ̀, ó dé ibi tó sanra, ó dúró.

“Kí ni wáyà yìí lóyún rẹ̀?”

Múfútáù nawọ́ láti já a gbà. Àkànó dì í mú létí aṣọ. Màmá fi eyín rẹ̀ méjì tó kù bu téèpù náà ṣán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ń tú u, ó ń jábọ́ sórí itan rẹ̀. Nígbà tí téèpù tán, kókó àkísà òfì kan yọjú, ó le bí ekùrọ́.

“Àkísà mi rèé,” ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. Kò pariwo. “Ọwọ́ èmi yìí ló so ó mọ́ ọrùn ògbufọ̀ ọmọ mi. Múfútáù, ta ló gé e lórí?”

“Ìyá… àkísà… àkísà a máa jọra…”

Adérójú ti dé ibi àpótí irinṣẹ́. Ó ṣí i. Ìyókù wáyà náà wà níbẹ̀, ó ká gúlútú, orí tó bá síkánà mu ṣì wà nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí Múfútáù ń tú abẹ́ àga ló ti rí i, kó tó di pé a pe Adégbìtẹ́. Ó pè é ní wáyà lásán, ó gé e láti fi tún rédíò rẹ̀ ṣe. Ìgbà tó gbọ́ ohun tí wáyà náà jẹ́, ẹnu tó fi jí ọkọ̀ òfúrufú kò lè sọ pé, “Èmi ni.” Ó wá dá ọgbọ́n pé kí òun so orí náà mọ́ wáyà síkánà tòun, kí òun sì fi gba oríyìn. Ṣùgbọ́n pupa ló so mọ́ dúdú, aláwọ̀ ewé ló so mọ́ funfun. Kókó màmá sì le fún un láti tú, ẹ̀rù sì ń bà á kí ọ̀bẹ má lọ gé wáyà, ló bá fi téèpù bò ó.

“Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkìrun!” ni Adérójú wí. “O wà lórí rẹ̀, o jókòó lé e, o ń wò mí tí mò ń lọ!”

Ó gbé sípánà kan tó gùn bí ọmọ odó. Múfútáù bọ́ra kúrò nínú aṣọ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ Àkànó, ó fò kọjá àgbò, ó kọrí sí ọ̀nà Òṣogbo. Eré tó sá, òjìji rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun.

A kò lé e. Àkànó bó ẹnu wáyà, ó so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, orí padà sọ́rùn. A ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò. Kíá, ojú síkánà tàn, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ bí opó: eku ló jẹ wáyà tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Àkànó tún un so. Ọkọ̀ jí. Adérójú jókòó sí ìdí ọwọ́ ìdarí, Àkànó jókòó lẹ́yìn, èmi náà fún ara mi mọ́ ọn, mo ní bí táyà bá bẹ́ ńkọ́?

Ó kù díẹ̀ ká dé orí òkè lọ́nà Òṣogbo la rí ẹnìkan níwájú láìwọ ẹ̀wù, tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Adérójú sọ fún ìyá rẹ̀. Màmá ní kó rọra sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà kò kúkú ń dún. Múfútáù kò mọ̀ pé a dé, títí a fi bá a ṣe ẹgbẹ́ kan náà, tí Ìyá Àwẹ̀ró yọrí lójú fèrèsé, ó ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi!”

Múfútáù ké, ó bẹ́ sínú igbó. Kò tíì jáde.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Bí ẹnìkan bá rí àyè wọ ibì kan, ìbáà ṣe ilé ọkọ, ibi iṣẹ́ tàbí ipò ńlá, tó wá ń yangàn kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á ní kó rọra, wíwọlé àlejò kọ́ ni gbígbọ́ èdè ilé. Wọ́n bó awọ ojú màmá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀ tí wọ́n gbé ọmọ Adérójú wá, ó wò ó títí, ó fọwọ́ pa imú rẹ̀, ó ní, “Ìwọ nìyí.” Ṣùgbọ́n àkísà kò kúrò lọ́rùn ewúrẹ́. Ó ní àkísà òun ti rí ohun tí ojú tó ríran kò rí.