Bí Àwọn Ará Túmáyù Ṣe Tú Afárá Koríko

Ní ayé ìgbà tí àwọn ará Sípéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ la òkun já dé ilẹ̀ Pérú, ọkùnrin kan wà ní ìlú Túmáyù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wàmán. Orí òkè ni Túmáyù wà, lábẹ́ ìjọba àwọn Ìnkà tí wọ́n ń jọba lórí ilẹ̀ náà. Àfonífojì kan sì wà níwájú ìlú náà tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí àwòdì bá ń fò nínú rẹ̀, ẹ̀yìn àwòdì ni ará ìlú ń rí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó yá wọ ìlú náà ni afárá. Afárá ọ̀hún kì í ṣe ti igi, kì í ṣe ti irin. Koríko ni wọ́n fi hun ún.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ilé kọ̀ọ̀kan á lọ gé koríko, wọn á rẹ ẹ́ sómi, wọn á fi òkúta lù ú, wọn á wá fi àtẹ́lẹwọ́ lọ́ ọ di okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ Wàmán, olórí àwọn ahunfárá, ni gbogbo okùn náà ń gbà lọ. Òun ni yóò lọ́ wọn pọ̀ títí wọn yóò fi tó itan àgbàlagbà. Ní etí àfonífojì, ilé kọ̀ọ̀kan á fi kókó tirẹ̀ so ìdí okùn rẹ̀ mọ́ òkúta. Bí ìyá ṣe ń kọ́ ọmọ ní oríkì lọ́dọ̀ tiwa ni ìyá ń kọ́ ọmọ ní kókó ilé wọn ní Túmáyù. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilé náà kò mọ̀ ọ́n tú.

Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ọgbọ́n ọwọ́ Wàmán, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti gbàgbé Ẹni tí ó fún un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá láìkí i ní “Baba Afárá”. Ìyá Sísà, ìyá ìyàwó rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọkọ ọmọ mi, ṣé ìwọ náà lo hu koríko?”

“Ìyá, koríko pọ̀ nínú oko. Èmi kan ṣoṣo ni mo wà.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìránṣẹ́ ọba Ìnkà sáré já wọ ìlú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní àwọn àjèjì onírùngbọ̀n, tí wọ́n wọ ẹ̀wù irin, tí wọ́n gun ẹranko ńláńlá, ti fi ẹ̀tàn mú ọba. Wọ́n gba wúrà ìràpadà kún inú yàrá, wọ́n sì tún pa á. Àgbélébùú ni wọ́n gbé síwájú, idà ni wọ́n mú dání. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ: Ẹni tí ó ní kí a má jalè, tí ó ní kí a má pànìyàn, kò lè rán olè àti apànìyàn níṣẹ́. Ìránṣẹ́ náà ní ọ̀wọ́ kan lára àwọn àjèjì náà ti kọjú sí Túmáyù. Wọ́n fẹ́ kó àká oúnjẹ, wọ́n sì fẹ́ kó ènìyàn tí yóò máa wa fàdákà fún wọn nínú ihò. Kí oòrùn tó dé àtàrí, wọn yóò ti dé etí àfonífojì.

Àwọn àgbà ní kí wọ́n já afárá, kí àyè lè wà láti kó ọmọdé, arúgbó àti irúgbìn gun orí òkè gíga.

“Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa lọ,” ni Ìyá Sísà wí.

Wàmán mi orí. “Ẹ lọ di ẹrù yín, Ìyá. Èmi ni mo so ó, èmi náà ni n óò já a.”

Ó mú àáké bàbà, ó mú ògùṣọ̀, ó dá lọ. Ó ti iná bọ koríko, ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èéfín lásán ló rú. Ó gbé àáké. Bí ó bá gé okùn kan, mẹ́wàá á di afárá mú, àáké á sì há sínú koríko tútù. Ó fi àáké sílẹ̀, ó dojú kọ àwọn kókó. Ó tú ti ilé tirẹ̀. Ó gbìyànjú ti ilé kejì títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lábẹ́ èékánná rẹ̀, kò tú. Ìgbà náà ni nǹkan kọ mànà lódìkejì. Irin ni, lára àwọn àjèjì tí wọ́n gun ẹṣin.

Ó rántí ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, tí kò lè sáré. Ó jókòó lulẹ̀, ó ké sí ìlú pé, “Ẹ gbà mí o!” Túmáyù kò gbọ́ irú gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Sísà kò dúró de igbe rẹ̀. Ó ti kó gbogbo ìlú lẹ́yìn, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

“Ìyá, ẹ má bínú. Ó ju agbára mi lọ.”

“A mọ̀, ìdí tá a fi wá nìyẹn. Sún díẹ̀, orí kókó ilé wa lo jókòó lé.”

Olúkúlùkù wá kókó ilé tirẹ̀ rí. Àwọn ìyá pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n ń tú u. Àwọn arúgbó tí ojú wọn ti fọ́ ń fi ọwọ́ wá a, wọ́n ń tú u. Àwọn ọmọ ogun àjèjì tí wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ lé afárá rí i tí ó ń rọ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n sá padà. Ojú ni wọ́n fi rí i nígbà tí kókó ìkẹyìn tú, tí afárá náà já wálẹ̀, tí ó lọ nà mọ́ ògiri òkúta lọ́dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà, ògbufọ̀ àwọn àjèjì pariwo láti òdìkejì: “Ọ̀gágun ní kí akọni tí ó ṣe èyí jáde, kí òun rí i. Òun á fún un ní ẹṣin!”

Kí Wàmán tó ronú, ó ti na ìka kan, ó ti fi kan àyà ara rẹ̀.

Ìyá Sísà bú sẹ́rìn-ín. “Ọkọ ọmọ mi, ìka kan láyà, kò dún, kò sì hàn. Ta ni ó máa rí i lọ́hùn-ún?”

Wàmán wo ìka náà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó wá ká àwọn ìka rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí márààrún fi pé, ó sì fi lu àyà, gbì! Ìyá Sísà lu tirẹ̀. Tọmọdé tàgbà Túmáyù lu tiwọn. Òkè gbà á, òkè dá a padà, àwọn ẹṣin lódìkejì sì ń ta sẹ́yìn. Ọ̀gágun yí ẹṣin rẹ̀ padà, ó forí lé ọ̀nà tó yí òkè po, ìrìn ọjọ́ mọ́kànlá.

A kò ní parọ́ mọ́ ìtàn: ilẹ̀ Ìnkà bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yẹn fi máa dé Túmáyù, àká ti ṣófo, ilé sì ti dá páropáro. Lórí òkè gíga, ìyàwó Wàmán ti bí ọmọbìnrin, ìyá àti ọmọ sì wà láàyè. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tẹ ẹyọ ènìyàn kan nínú wọn, ògo ni fún Ọlọ́run. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà, lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún àti lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, fi ń pa á lówe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.